Pákó Ara Mọ́sálásí Ńlá

Ìgbà tí mo kọ́kọ́ dé Àbújá, Èkó ṣì ni olú-ìlú. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ Àbújá lọ́wọ́ ni, gbogbo rẹ̀ sì rí bí ilé tí onílé ò tíì kó wọ̀. Títì fẹ̀ ju ọjà ìlú wa lọ, ẹni tó ń rìn lórí rẹ̀ ò tó nǹkan. Mo pọn ọmọ wa obìnrin, mo gbé àpò gààrí dání, mo ń wá ọkọ mi.

Ọ̀rọ̀ tó fi rán dírẹ́bà sí mi ní Kàbà ò gùn. Ó ní kí n sọ̀ kalẹ̀ ní Garki, kí n gbójú sókè, kí n máa wo mọ́sálásí ńlá tí wọ́n ń kọ́. Ó ní pákó àti irin ló yí i ká látòkè délẹ̀, mi ò lè ṣì í mọ̀, òun gan-an sì wà lára àwọn káfíńtà tó ń to pákó ọ̀hún. Kí n ṣáà máa wo pákó.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe wà lọ́kàn mi. Wọ́n ti ń sọ ọ́ nílé pé ọkùnrin tó bá ti wọ Àbújá ti bá tibẹ̀ lọ, pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fẹ́ ìyàwó tuntun. Ìyá mi ní kí n má dá wọn lóhùn. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní kí n lọ fi ojú ara mi rí i. Mo ti pinnu: bí mo bá bá obìnrin lọ́dọ̀ rẹ̀, mo ń padà sílé bàbá mi lọ́jọ́ náà, tèmi tọmọ.

Mo sọ̀ kalẹ̀ ní Garki, mo gbójú sókè. Pákó dà? Ohun tí mo rí ni mọ́sálásí kan tó ti parí pátápátá, orí rẹ̀ rìbìtì, ó ń dán yanran nínú oòrùn, àwọn òpó gígùn dúró tì í. Mo sọ fún ara mi pé èyí kọ́. Tèmi ni èyí tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́. Mo bá kọjá lọ.

Mo rí ilé kan tó ní pákó lára, mo sáré débẹ̀, wọ́n ní ọ́fíìsì ìjọba ni. Mo rí òmíràn, wọ́n ní òtẹ́ẹ̀lì ni. Obìnrin kan tó ń ta kúnú ní kí n máa fi Àpáta Aso ṣe àmì, pé òkúta kì í kúrò lójú kan. Irọ́ ni. Bí mo bá yà báyìí, òkúta wà lọ́wọ́ ọ̀tún mi. Bí mo bá tún yà, ó ti bọ́ sẹ́yìn mi. Orí mi dàrú. Mi ò mọ̀ bóyá èmi ni mò ń yí ìlú ká tàbí ìlú ló ń yí mi ká. Ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ó sì ń ṣe èmi náà bíi kí n bá a sun ún.

Nígbà tó yá, ẹsẹ̀ mi tún gbé mi padà sí ìdí mọ́sálásí tó ń dán yẹn. Máígádì tó jókòó lẹ́nu géètì ní, "Sànnu." Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́." Ó rí i pé èdè wa ò pàdé, ló bá pe wẹ́dà kan tó ń jó irin nítòsí, ará Ọ̀ṣun, wá bá mi.

"Ìyá, ta lẹ̀ ń wá?"

"Bàbá ọmọ mi."

"Bàbá ọmọ ni gbogbo wa níbí. Kí lorúkọ rẹ̀?"

Nílé wa, ìyàwó kì í pe ọkọ lórúkọ. Láti ọjọ́ tí mo ti wọlé ọkọ, orúkọ yẹn ò jáde lẹ́nu mi rí. Mo ní káfíńtà ni, ó dúdú, ó ga. Wẹ́dà náà rẹ́rìn-ín, ó ní kí n bojú wẹ̀yìn kí n mú èyí tó bá wù mí nínú àwọn káfíńtà dúdú tó ga. "Ẹ pe orúkọ, ìyá. Ọkọ yín ò ní gbọ́."

Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, bí ẹni tó fẹ́ jalè. Mo sọ ọ́ sí i létí wúyẹ́wúyẹ́.

"Áà, òun kẹ̀. Ibí yìí náà ló ti ṣiṣẹ́. Wọ́n ti tú pákó, iṣẹ́ ti parí. Ó bẹ ọ̀gá, ó kó àwọn pákó tí wọn ò lò mọ́ lọ sí Mpape. Ó ń fi kan ilé níbẹ̀. Mi ò mọ ẹni tó ń kàn án fún."

Ọkùnrin tó ní kí n máa wo pákó ti kó pákó lọ kọ́lé fún ẹlòmíràn. Wẹ́dà yẹn bá mi bẹ awakọ̀ típà kan tó ń lọ kó òkúta lórí òkè, mo jókòó síwájú. Awakọ̀ ń bá mi sọ̀rọ̀. Èébú ni mò ń tò jọ.

Òkúta ni wọ́n ń fọ́ ní Mpape, eruku rẹ̀ sì ti sọ gbogbo nǹkan di funfun, àtewé igi, àtewúrẹ́, àtènìyàn. Àwọn ilé pákó ibẹ̀ jọra wọn. Mi ò mọ ilẹ̀kùn tí màá kàn. Ojú tì mí, ìbínú sì wá borí ìtìjú. Mo dúró láàárín ọ̀nà, mo pe orúkọ ọkọ mi bí ẹní ń pe ajá. Odindi rẹ̀, pẹ̀lú ti bàbá rẹ̀.

Ó yọ látẹ̀yìn ilé kan, òòlù lọ́wọ́, ìṣó lẹ́nu. Ó ń wò mí, kò lè sọ̀rọ̀ nítorí ìṣó. Èmi tí mo máa ń kúnlẹ̀ kí n tó kí i, mo fi "ìwọ" lé e. "Ìwọ, pákó tí o ní kí n máa wò dà? Ta lò ń kọ́lé fún?"

Ó tu ìṣó sọ́wọ́. "Ta ló kọ́ ẹ lórúkọ mi?"

"Mo ní, ta lò ń kọ́lé fún?"

Ó ní òun ti rán dírẹ́bà padà sí mi pé kí n má tíì máa bọ̀, pé wọ́n ti tú pákó kúrò lára mọ́sálásí, òun fúnra òun á wá mú mi tí òrùlé bá ti wà. Á jẹ́ pé èmi àti dírẹ́bà ti kọjá ara wa lójú ọ̀nà. Ó gba ọmọ lẹ́yìn mi, ó ṣí ilẹ̀kùn tí kò tíì ní kọ́kọ́rọ́, ó ní kí n wọlé.

Yàrá kan ṣoṣo ni. Sìmẹ́ǹtì mọ́sálásí ṣì lẹ̀ mọ́ pákó. Ó ti kan pẹpẹ ìkòkò mọ́ ara ògiri, ó kàn án sísàlẹ̀ débi pé ẹni tó bá ga bíi tirẹ̀ gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kó tó lè mú nǹkan níbẹ̀. Èmi kúrú. Mo na ọwọ́, ọwọ́ mi bà á gẹ́lẹ́. Gbogbo èébú tí mo tò jọ láti Garki, mi ò rí ọ̀kan sọ. Mo fẹ̀yìn ti pákó tí mo ti ń wá láti àárọ̀, mo bú sẹ́kún.