Jẹ́sì Ẹgbẹ́ Àwọn Oníbíríkì

Ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni bàbá ará Ítálì náà wọ ṣọ́ọ̀bù mi ní Kreuzberg, ní Berlin. Ó gbé àpò ike kan lé orí tábìlì, ó ní kí n fara balẹ̀ mú ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó ti tó ọdún mọ́kànlá tí mo ti ń ránṣọ ládùúgbò yẹn. Ṣòkòtò tó gùn jù, síìpù tó bàjẹ́, kóòtù tí kò gba ẹni tó ni ín mọ́, irú ohun tí wọ́n máa ń gbé wá nìyẹn. Ti bàbá yìí yàtọ̀. Jẹ́sì bọ́ọ̀lù àtijọ́ ni, aláwọ̀ ewé tó ní kọ́là funfun, ó nípọn bíi súwẹ́tà, kòkòrò sì ti jẹ ẹ̀yìn rẹ̀ bí ajere.

"Ṣé ẹ lè tún un ṣe?"

"Mo lè lẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n báàjì àyà rẹ̀ ti lọ. Ẹsẹ̀ ẹyẹ méjì péré ni mo rí níbẹ̀."

Ó ní òun mọ̀. Ó fà jẹ́sì náà sún mọ́ra, ó ń fi ìka tọ́ ibi tí ẹyẹ náà wà tẹ́lẹ̀.

Èdè Jámánì là ń bá ara wa sọ. Ohùn Ìbàdàn wà nínú tèmi, ohùn Ítálì wà nínú tirẹ̀, síbẹ̀ a gbọ́ ara wa yé. Ó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún, ẹnu mi kò sì gbà á kí n máa pè é lórúkọ, ni mo bá ń pè é ní Bàbá. Nígbà tí mo sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún un, ó ní òun gbà bẹ́ẹ̀.

Ohun tó gbé e wá ni pé àwọn ọ̀dọ́ ìlú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tó ti kú dìde. Wọ́n fẹ́ rán jẹ́sì tó jọ ti àkọ́kọ́, wọ́n sì ránṣẹ́ sí gbogbo ọmọ ìlú tó wà lókè òkun pé ẹni tó bá ní ọ̀kan nípamọ́ kó mú un wá. Òun ni aṣọ́lé ìkẹyìn tí ẹgbẹ́ náà ní. Ó fẹ́ kí n tún ti àtijọ́ ṣe, kí n sì rán tuntun kan tó bá a mu láìku ẹyọ kan.

Iṣẹ́ náà kò ṣe é kánjú ṣe. Gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Bàbá ń wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì tí mo ti ń lọṣọ, tí yóò máa sọ ìtàn ẹgbẹ́ náà bí mo ṣe ń lẹ aṣọ. Àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ bíríkì ló dá a sílẹ̀ lẹ́yìn ogun. Ilẹ̀ tí wọ́n ti wa amọ̀ tán létí odò ni wọ́n sọ di pápá. Ní ọdún kan, odò kún, ó gbé igi gólì kan lọ, abúlé ìsàlẹ̀ odò rí i he, wọ́n sì kọ̀ láti dá a padà. Odindi sáà kan ni wọ́n fi gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú igi gólì tí ọ̀kan ga ju èkejì lọ. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n gòkè dé ìpele kẹta, wọn kò sì pẹ́ níbẹ̀ ju sáà kan. Ó ní lọ́jọ́ tí ẹgbẹ́ ìlú ńlá kan wá bá wọn gbá a, iléeṣẹ́ bíríkì paná, àwọn ìyá arúgbó gbé àga ilé wọn wá sétí pápá. Gólì márùn-ún ni àwọn àlejò náà jẹ wọ́n.

"Ṣé ẹ sunkún?" mo bi í.

"Sunkún kẹ̀? Mo mú pẹ́nárítì kan. Wọ́n gbé mi lé èjìká délé."

Nígbà tí ọ̀rọ̀ kan báàjì, wàhálà dé. Ó ní àkọ̀ ni ẹyẹ náà. Lọ́sẹ̀ kejì, ó ní ó dà bíi pé lékeléke ni. Mi ò lè fi òwú bẹ̀rẹ̀ ohun tí kò dá mi lójú.

"Ta ló mọ̀ ọ́n, Bàbá?"

"Ẹ̀gbọ́n mi. Òun ni akọ̀wé ẹgbẹ́. Hamburg ló ń gbé."

"Ẹ pè é nígbà náà."

"A kì í bá ara wa sọ̀rọ̀."

Bó ṣe sọ fún mi nìyí. Nígbà tí omi tún ba pápá jẹ́, wọ́n pe ìpàdé, àwọn àgbà dá a lábàá pé kí wọ́n da ẹgbẹ́ wọn pọ̀ mọ́ ti ìlú kejì, kí orúkọ àti àwọ̀ aṣọ yí padà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nawọ́ pé òun fara mọ́ ọn. Bàbá dìde, ó pè é ní ọ̀dàlẹ̀ níwájú gbogbo ìlú, ó sì jáde. Kò pẹ́ ló wá sí Berlin, ó ń lẹ táìsì sílẹ̀ ilé onílé. Ẹ̀gbọ́n náà wá sí Hamburg lọ́dún mélòó kan lẹ́yìn náà, ó ṣiṣẹ́ ní èbúté. Ìgbà ìsìnkú ìyá wọn ni wọ́n fojú kan ara wọn kẹ́yìn. Ẹgbẹ́ tí wọ́n dà pọ̀ náà kò tọ́jọ́, wọ́n já wálẹ̀ títí tó fi tú ká.

Àbúrò mi obìnrin ń gbé ní Billstedt, ní Hamburg kan náà, ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Mo ń lọ bá wọn ṣe ìdúpẹ́ ọmọ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo sọ fún Bàbá pé bí ó bá fẹ́, mo lè yà sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ló gbà kó tó mú àdírẹ́sì náà wá: Osdorfer Born, ní ìpẹ̀kun Hamburg lọ́hùn-ún.

Ní àárọ̀ Sátidé, nígbà tí mo ń múra nílé wọn, àbúrò mi ń wò mí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ló ń gbé yín lọ sí Osdorfer Born? Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ kọ́nà yàtọ̀ sí pẹ́nárítì!"

"Ọ̀rọ̀ ẹyẹ ni," mo ní.

Ó ní n kò gbọ́dọ̀ lọ lọ́wọ́ òfo, ó di mọ́ínmọ́ín mẹ́rin fún mi. Mo wọ ọkọ̀ ojú irin U2, mo wọ S-Bahn dé Altona, mo tún wọ bọ́ọ̀sì, nítorí ọkọ̀ ojú irin kò dé ọ̀hún.

Àjà kẹjọ ni ẹ̀gbọ́n Bàbá ń gbé. Ó ga ju àbúrò rẹ̀ lọ, ó tẹ́ẹ́rẹ́, imú kan náà ni wọ́n ní. Nígbà tí mo fa jẹ́sì jáde, ó jókòó láìtíì sọ fún mi pé kí n jókòó. Lẹ́yìn náà ló dìde, ó mú fáìlì kan wá láti inú yàrá. Àwòrán ẹyẹ náà wà lórí ìwé tí ẹgbẹ́ fi ń kọ lẹ́tà. Lékeléke ni, ó dúró sínú omi. Ó ní inú kòtò amọ̀ làwọn ẹyẹ yẹn máa ń dúró sí láàárọ̀ kí àwọn òṣìṣẹ́ tó dé.

"Ó sọ fún yín pé èmi ni mo pa ẹgbẹ́ náà?"

"Ó ní ẹ nawọ́."

"Mo nawọ́." Ó ṣí ìwé orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù hàn mí. Ó ti fi pẹ́ńsùlù fa ìlà sórí orúkọ gbogbo àwọn tó ti lọ wáṣẹ́ sókè òkun. "Ẹni mẹ́sàn-án ló ṣẹ́ kù. Ẹni mẹ́sàn-án kò lè gbá bọ́ọ̀lù. Ọ̀kan nínú wọn gan-an ti gba ìwé iṣẹ́ ní Jámánì ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ìpàdé. Àbúrò mi ni. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọwọ́ mi ni lẹ́tà náà kọ́kọ́ bọ́ sí."

"Kí ló dé tí ẹ kò sọ ọ́ nígbà tó pè yín ní ọ̀dàlẹ̀?"

"Bàbá wa jókòó síwájú," ó ní. "Ìyá wa kò sì tíì mọ̀ pé ó ń lọ."

Mo bi í bóyá kí n sọ fún un. Ó pa ìwé orúkọ náà dé. "Ẹ sọ fún un pé lékeléke ni. Ìyókù, àfi tó bá béèrè." A jọ jẹ mọ́ínmọ́ín, ó sì yá mi ní ìwé tí àwòrán náà wà lórí rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, mo tẹ́ ìwé náà síwájú Bàbá. Ó wò ó fún ìgbà pípẹ́.

"Kí ló tún sọ?"

Ó béèrè, mo sì sọ fún un. Mo pa áyọ́ọ̀nù. Kò gbójú sókè.

"Mo mọ̀ pé ó rí i," ó ní. "Wọ́n ti já lẹ́tà náà kó tó dé ọwọ́ mi. Mo rò pé yóò tú àṣírí mi nípàdé yẹn. Ìdí nìyẹn tí mo fi yára pariwo lé e lórí."

Mo bu omi fún un, ó mu ún, ó dìde lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mi ò fi rí i, ẹ̀rù sì bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí pé mo ti ṣe àṣejù. Nígbà tó padà wá, mo ti fi òwú ṣe jákàn lékeléke náà sáyà jẹ́sì méjèèjì tán. Ó gbóríyìn fún mi, ó wá ní kí n bá òun tẹ nọ́ńbà Hamburg lórí fóònù. Èdè ìlú wọn ni wọ́n sọ. Mi ò gbọ́ nǹkan kan nínú rẹ̀. Ohun tí mo kàn mọ̀ ni pé ohùn Bàbá kọ́kọ́ kéré, ó wá lọ sókè, nígbà tó yá ó ń fi ọwọ́ òsì ya pápá sójú tábìlì mi.

Nígbà ìrúwé, tẹ̀gbọ́n tàbúrò jọ kó jẹ́sì méjèèjì wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí ìlú wọn, nítorí ẹ̀gbọ́n kò fẹ́ wọ bàálù. Ẹgbẹ́ tuntun náà wà ní ìpele tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kángun sísàlẹ̀ pátápátá, wọ́n sì fìdí rẹmi lọ́jọ́ tí àwọn méjèèjì lọ wò wọ́n. Bàbá ní aṣọ́lé wọn kò mọ ibi tó yẹ kó dúró sí, òun sì sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Àwọn ọ̀dọ́ náà ní kí ẹ̀gbọ́n bá wọn kọ ìtàn ẹgbẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ti ń kọ ọ́ báyìí, ó ń ka ojú ìwé kọ̀ọ̀kan fún àbúrò rẹ̀ lórí fóònù, àbúrò sì ń bá a jiyàn. Láìpẹ́ yìí, ọjọ́ tí odò kọ́kọ́ kún ni wọ́n ń jà lé lórí. Bàbá ní ọjọ́ Àìkú ni, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì takú pé ọjọ́ Ajé ni.