Afárá Ardith Stamper Kò Gba Áńbúláǹsì

Ardith Stamper kú láàárọ̀ Tọ́sìdeè tó kọjá, nínú ilé tí bàbá rẹ̀ kọ́, lórí àga tó máa ń jókòó sí ṣa ẹ̀wà. Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin ni. Ọkàn rẹ̀ ló daṣẹ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò dá a sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó fún wa ní nǹkan bí ìdajì wákàtí ká fi wá nǹkan ṣe sí i.

Ìṣẹ́jú mẹ́fà péré ni áńbúláǹsì fi dé. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ dáadáa: ìṣẹ́jú mẹ́fà ló fi dé ẹsẹ̀ afárá. Tí èèyàn bá dúró síbẹ̀, á rí fàráńdà Ardith kedere. Àmọ́ pátákó kan wà níbẹ̀ tó sọ pé ọkọ̀ tó bá wúwo ju tọ́ọ̀nù mẹ́ta lọ kò gbọdọ̀ gùn ún. Ó ti pé ọdún mẹ́rin tí pátákó náà ti wà níbẹ̀. Lókè rẹ̀ ni pátákó kejì wà, tó tóbi jù ú lọ ní ìlọ́po mẹ́ta. Ohun tí wọ́n kọ sára ìyẹn ni AFÁRÁ ARDITH STAMPER.

Rodney Slone, ọ̀kan nínú àwọn méjì tó wà nínú áńbúláǹsì, gbé àpò kọ́ èjìká, ó sáré kọjá. Ẹnìkejì rẹ̀ yí ọkọ̀ padà, ó gba ẹ̀yìn òkè lọ. Ogójì ìṣẹ́jú ni ọ̀nà yẹn. Rodney bá a láàyè. Ó ní Ardith di òun lọ́wọ́ mú, ó ní, “Ọmọ ta ni ọ́?”

“Ọmọ Bernice ni mí, mà.”

“Bernice! Ìyá ẹ ò mọ orin í kọ rárá o.”

Ọ̀rọ̀ tó sọ kẹ́yìn nìyẹn. Nígbà tí áńbúláǹsì máa fi yọ, Rodney ti fi aṣọ bò ó lójú.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè rò pé orúkọ afárá lásán ni Ardith. Ọmọ awakùsà ni, ọmọ ìsàlẹ̀ Buckeye níbí. Ṣọ́ọ̀ṣì wọn kò fẹ́ kí wọ́n fi ohun èlò kọrin, ẹnu lásán ni wọ́n fi ń kọ ọ́, nítorí náà ilé adìẹ ni bàbá rẹ̀ ń tọ́jú gìtá rẹ̀ sí kí pásítọ̀ má baà rí i. Ibẹ̀ ni Ardith ti kọ́ ọ, láàárín àwọn adìẹ tó ń yé. Nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ó ti ń kọrin lórí rédíò ní gbogbo àárọ̀, kí àwọn ọkùnrin tó wọnú ihò èédú lọ.

Lẹ́yìn náà ló ṣe “Fọ Ojú Rẹ, Dádì”, orin nípa ọmọ tí kò dá bàbá rẹ̀ mọ̀ títí tó fi fọ èédú kúrò lójú. Orin yẹn gbé e dé Nashville, ìlú àwọn olórin, ó sì lo ọdún mọ́kànlá níbẹ̀. Àwọn èèyàn wa tó ti kó lọ ìpínlẹ̀ Ohio lọ ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ ńláńlá máa ń páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì tí rédíò bá ti gbé orin náà sáfẹ́fẹ́, wọ́n á sunkún tán kí wọ́n tó máa lọ. Èmi náà sunkún rí, mi ò ní fi pa mọ́. Nígbà tí apá àti ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ rọ, Ardith palẹ̀ mọ́, ó wálé, kò sì padà mọ́. Mo bi í nígbà kan bóyá orin ti sú u ni. Ó ní, “Orin ò sú mi o. Ìyá mi ni ò lè dá jẹun.” Láti ìgbà náà, kò sí ìsìnkú kan ní kaunti yìí, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ wa, tí wọ́n pè é sí tí kò lọ kọrin.

Ẹ ò rí i pé ó yẹ ká bu ọlá fún irú ẹni bẹ́ẹ̀? A kúkú bu ọlá fún un. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, Adájọ́ Garlan Pruitt, olórí kaunti wa (Adájọ́ là ń pè é, kò dá ẹjọ́ ẹnì kankan rí), kó ìgbìmọ̀ rẹ̀ jọ láti fi orúkọ Ardith pe afárá. Ìpàdé mẹ́ta ni wọ́n fi ṣe é. Ayàwòrán ti ya báńjò, ohun èlò olókùn tó jọ gìtá, sára pátákó, ẹnì kan sì ní gìtá ni Ardith ń ta. Ẹlòmíì ní báńjò ló rẹwà jù. Wọ́n dìbò. Gìtá fi ìbò kan péré wọlé, wọ́n sì tún pátákó náà kùn. Ní ti afárá fúnra rẹ̀, wọn ò kan ìṣó kan mọ́ ọn.

Lọ́jọ́ ayẹyẹ, wọ́n ní kí èèyàn tó máa wà lórí rẹ̀ má ju ogún lọ nítorí kó má baà já. Àwa yòókù dúró sétí odò, à ń pàtẹ́wọ́. Ardith kọrin tán, ó fa makirofóònù mọ́ra, ó ní, “Mo dúpẹ́ fún afárá o. Ìgbà wo lẹ máa tún un ṣe?” Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Èmi ni mo kọ ìròyìn ọjọ́ yẹn sínú ìwé ìròyìn yìí, mo sì pe ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní àwàdà. Ojú ń tì mí.

Lọ́jọ́ Àìkú la sin ín. Orí òkè ẹ̀yìn ilé wọn ni ibojì ìdílé wà, ọkọ̀ òkú kò sì lè gba orí afárá. Àwọn ọkùnrin mẹ́jọ ló gbé pósí náà kọjá lẹ́sẹ̀. Adájọ́ Pruitt náà wá, ó di pósí mú lápá ibi tí àwọn oníkámẹ́rà wà. Bí wọ́n ṣe dé àárín, pákó dún lábẹ́ wọn, Adájọ́ sì ní, “Ẹ rọra o, pákó yìí ti jẹrà.”

Àǹtí Ozella, ẹ̀gbọ́n Ardith, wà lẹ́yìn wọn gan-an pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀n-ẹ́n, Garlan. O mọ̀.”

Adájọ́ tẹ̀ lé wọn dé òkè, ó ṣí fìlà, ó padà sílé.

Ó mọ̀, ẹ gbọ́. Báwo lèèyàn á ṣe mọ̀ pé nǹkan ti jẹrà, kó wá fi orúkọ ẹni tó ń gbé lódìkejì rẹ̀ sára rẹ̀? Ta ló yẹ afárá yẹn wò kẹ́yìn? Ta ló gba ìwé àyẹ̀wò rẹ̀, tó jókòó lé e? Mo béèrè ní ọ́fíìsì kaunti lọ́jọ́ Ajé. Akọ̀wé ní ìwé náà ṣì wà ní olú-ìlú ìpínlẹ̀. Mo pe olú-ìlú, wọ́n ní àwọn ò rí ìwé kankan láti Buckeye rí. Mo padà lọ bá akọ̀wé, ó ní òun ti fẹ́ lọ jẹun ọ̀sán.

Àǹtí Ozella ṣì wà lódìkejì odò. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ni, àyà rẹ̀ ò sì dáa, àgbá afẹ́fẹ́ ló fi ń mí. Ọkọ̀ tó ń gbé àgbá náà wá ò lè kọjá, ẹsẹ̀ afárá ló máa ń já a sí. Mo ní kó kó wá sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ nígboro.

“Kí n kó kúrò nílé bàbá mi nítorí Garlan? O ò ní ọ̀rọ̀ gidi lẹ́nu?”

Ìpàdé kaunti ń bọ̀ ní agogo mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Adájọ́ Pruitt, ẹ má sọ fún wa pé ìgbìmọ̀ ni. Ẹ dárúkọ ẹni tó jókòó lé ìwé náà, ẹ sì sọ ọjọ́ tí áńbúláǹsì máa kọjá. Tó bá jẹ́ sùúrù lẹ fẹ́ bẹ̀ wá, ẹ bẹ Àǹtí Ozella fúnra rẹ̀. Ó máa fẹsẹ̀ rìn kọjá lórí afárá yẹn wá bá yín, á sì máa wọ́ àgbá afẹ́fẹ́ rẹ̀ tẹ̀ lé ara rẹ̀.