Ilé Gwenda Lórí Omi

Láti kékeré ni Noreen Blanchard ti kórìíra omi. Kì í ṣe omi mímu, kì í sì í ṣe omi ìwẹ̀. Omi tó bá ti lè gbé ọkọ̀ ni. Ó ṣì wà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà tí òkun gbé bàbá rẹ̀ lọ. Wọ́n lọ pẹja lápá àríwá lọ́hùn-ún, yìnyín dì mọ́ ọkọ̀ wọn títí ó fi wúwo jù, ló bá dojú dé. Ìlú apẹja ni Grimsby wa yìí, ilé tí irú rẹ̀ kò dé rí kò pọ̀, nítorí náà kò sẹ́ni tó ń jókòó sọ ọ́. Noreen náà kò sọ ọ́ fẹ́nì kan.

Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ilé èmi àtirẹ̀, ẹgbẹ́ sì ni wá. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń la ẹja ló ti ṣiṣẹ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì, ibẹ̀ lòun àti Gwenda Pocock ti di kòríkòsùn. Wọ́n á dúró gbe ara wọn tọ̀bẹ tọ̀bẹ, wọ́n á máa sín ọ̀gá wọn jẹ títí iṣẹ́ á fi parí. Nígbà tí ọkọ Gwenda bá obìnrin mìíràn lọ, Gwenda kó ẹrù rẹ̀, ó di Oxford, ó ń tún yàrá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣe nínú ọ̀kan lára àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì àtijọ́ ibẹ̀. Ìgbà gbogbo ló ń pe Noreen pé kó wá kí òun. Noreen á ní, "Mò ń bọ̀, mò ń bọ̀." Kò lọ.

Ọkọ Noreen wá kú. Láti ìgbà náà, aṣọ fèrèsé rẹ̀ kì í fẹ́ẹ́ ṣí mọ́. Èmi a kan ògiri, a bi í bóyá ó ti jẹun, yóò ní òun ti jẹ, èmi sì mọ̀ pé irọ́ ni. Janice ọmọ rẹ̀ rí i pé ìyá òun ń joro, ló bá ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin, ó gbé e síwájú rẹ̀.

"Mọ́mì, ẹ ò ní jókòó kú síbí lójú mi. Ẹ lọ rí Àǹtí Gwenda."

Bó ṣe lọ nìyẹn.

Gwenda ti dúró dè é ní ibùdókọ̀, irun orí rẹ̀ pọ́n bí elésè àlùkò. Ó pariwo, "Noreen! O mà ti gbẹ bíi pánla!"

"Ìwọ ńkọ́? Ta ló rẹ orí tìẹ sínú aró?"

Wọ́n dì mọ́ra, wọ́n rẹ́rìn-ín títí àwọn èrò fi ń yà fún wọn.

Gwenda kọ́kọ́ mú un gba kọ́lẹ́ẹ̀jì tó ti ṣiṣẹ́ rí. Ambrose, ọkùnrin tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, rí wọn lókèèrè. "Gwenda, ṣé yàrá mi lo padà wá tún ṣe?"

"Tìẹ kọjá àtúnṣe."

Noreen fẹ́ gba orí koríko kọjá lọ wo ṣọ́ọ̀ṣì inú ọgbà. Ambrose sáré nahùn sí i. "Ẹ jọ̀ọ́ màmá, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n nìkan ló ń tẹ koríko yẹn."

"Ẹsẹ̀ tiwọn kì í pa koríko ni?"

Ambrose ní òun náà ti ń bèèrè bẹ́ẹ̀ ọjọ́ ti pẹ́.

Wọ́n jáde níbẹ̀, wọ́n gba ẹ̀yìn ìlú, títí wọ́n fi dé etí odò tóóró kan tí àwọn ará ìgbàanì fọwọ́ gbẹ́. Ọkọ̀ ojú omi gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan so mọ́ bèbè níbẹ̀. Ìkòkò òdòdó wà lórí rẹ̀, èéfín ń rú lójú ihò ààrò rẹ̀. Gwenda gbé báàgì sílẹ̀.

"A ti délé."

"Ilé wo?"

"Èyí tó wà níwájú ẹ yìí."

"Gwenda, ọkọ̀ nìyẹn."

"Ó ní bẹ́ẹ̀dì, ó ní ààrò, ó ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Kí lo tún ń wá?"

"Ilẹ̀ ni mò ń wá!" Noreen jókòó pẹ̀kẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì tó wà níbẹ̀. "Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Tí mo bá sọ, ṣé wàá wá?"

Gwenda rò pé àṣejù ọ̀rẹ́ òun lásán ni, àfìgbà tó rí i pé ó kọ̀yìn sí odò náà pátápátá. Ó jókòó tì í. Orí bẹ́ǹṣì yẹn ni Noreen ti sọ ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀, látorí ọkọ̀ tó dì títí dórí ìyá rẹ̀ tó ṣì ń gbé àwo oúnjẹ bàbá sórí tábìlì lẹ́yìn tí gbogbo ayé ti mọ̀ pé kò ní padà wá mọ́. Gwenda kì í ṣe ọmọ Grimsby, ọ̀nà oko ló ti wá. Gbogbo ọdún tí wọ́n fi jọ la ẹja, kò gbọ́ ọ rí.

Kò bẹ̀ ẹ́. Ó wọ inú ọkọ̀, ó mú ìgbálẹ̀ onígi gígùn kan jáde, ó kì í bọ inú odò títí ó fi kan ìsàlẹ̀, ó fà á yọ. Omi kò ga ju ìbàdí lọ lára igi náà.

"Wò ó. Tó o bá já sí i, dìde dúró. Gbogbo ẹ̀kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́ tiwa níbí kò jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Noreen gba ìgbálẹ̀, òun náà kì í bọ̀ ọ́. "Ẹrẹ̀ ni!"

"Ẹrẹ̀ ni. Tó ò bá sì fẹ́, màá wá hòtẹ́ẹ̀lì fún ẹ, mi ò ní bínú."

Noreen wo ọkọ̀, ó wo ìgbálẹ̀. "Ṣé tíì wà níbẹ̀?"

"Tíì wà."

Ó di apá Gwenda mú, ó wọlé. Ó sọ fún mi pé ńṣe lòun mu tíì náà tẹ̀wù òtútù tẹ̀wù òtútù, àmọ́ pé òun kò sùn dáadáa tó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí ọkọ òun ti kú.

Lọ́jọ́ kejì, omi tán nínú àgbá Gwenda, wọ́n sì gbọ́dọ̀ wa ọkọ̀ lọ síbi ẹ̀rọ omi. Ọ̀pá kan lẹ́yìn ọkọ̀ ni wọ́n fi ń darí rẹ̀, èjìká Gwenda sì ń dùn ún, èyí tí iṣẹ́ ẹja dá sí i lára. Noreen wò ó títí, ó ní, "Gbé ọ̀pá yẹn wá."

"Tó o bá fẹ́ yà sọ́tùn-ún, òsì ni kó o tì í sí."

"Ọ̀dájú wo ló ro irú ìyẹn?"

Ó kọlu bèbè. Ó tún kọlu ọkọ̀ ẹlòmíràn tó so jẹ́ẹ́jẹ́ rẹ̀, bàbá kan sì yọrí síta tòun ti aṣọ ìsùn.

"Ẹ ṣeun o, mo ti jí!"

"Ẹ má bínú, bàbá. Ìgbà àkọ́kọ́ mi nìyí."

"Ó hàn bẹ́ẹ̀!"

Gwenda rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n kọjá abẹ́ afárá, ọwọ́ Noreen ti mọ̀ ọ́n, ọkọ̀ ń lọ geere lábẹ́ àwọn igi. Ó wá ní, "Bàbá mi ló ń tukọ̀ fún wọn, ṣé o mọ̀?" Gwenda na bísíkíìtì sí i.

Ọjọ́ mélòó kan ló bá lọ, ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Janice pè é pé ṣé kò sí nǹkan. "Ọkọ̀ ni mò ń tù lọ́wọ́, ọmọ mi. Màá pè ẹ́ padà."

Nígbà tó dé, ó lọ forúkọ sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àgbàlagbà ní ìlúwẹ̀ẹ́, ó sì fà mí lọ́wọ́ dání. Èmi ṣì ń di etí adágún omi ìlúwẹ̀ẹ́ náà mú o. Òun ti lúwẹ̀ẹ́ já òdìkejì. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀, òun àti Gwenda fẹ́ wa ọkọ̀ náà lọ sí Banbury, kí wọ́n máa dúró síbi tó bá wù wọ́n. Mo bi í léèrè pé ta ni yóò máa bomi rin tòmátì rẹ̀ ní gbogbo àkókò yẹn.

Ó ní èmi ni.