Ọmọ Jẹ́jẹ́ Tó Ń Gbóná Lórí Pápá

"Ìyá, bí ó bá tún ta ẹnikẹ́ni lẹ́sẹ̀, màá yọ ọ́ kúrò láàárín àwọn agbábọ́ọ̀lù. Ilé ni kí ẹ ti bá a wí o."

Bí olùkọ́ eré ìdárayá ṣe kìlọ̀ fún mi lọ́jọ́ Ẹtì nìyẹn. Ọmọ mi ti ta ọmọ ilé-ìwé kan láti Ọbọ-Ayégúnlẹ̀ ní kókósẹ̀, ẹsẹ̀ náà sì wú. Ọmọ mi yìí, tí kì í lè lé adìẹ kúrò nídìí àgbàdo tí a sá sóòrùn!

Òórùn òrí ni mo kọ́kọ́ rántí. Ní Osi, nígbà tí mo wà ní kékeré, òfin kan wà nílé wa: ẹni tó bá ṣe ọmọ ẹlòmíràn léṣe nídìí bọ́ọ̀lù, òun ni yóò ru omi gbígbóná lọ sílé onítọ̀hún, àgbà ilé rẹ̀ ni yóò sì fi òrí wọ́ ẹsẹ̀ náà. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló ń ru omi jù. Ìyá bàbá mi ló ń wọ́ ẹsẹ̀. Á yọ́ òrí lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná gààrí, á fi ẹ̀yìn ọwọ́ tọ́ ọ wò, kó tó bẹ̀rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, ìyá ọmọ tí ẹ̀gbọ́n mi ṣe léṣe fọwọ́ lé ìbàdí.

"Ìyá àgbà, ẹ̀yin tí ẹ kì í pa eṣinṣin, níbo lẹ ti rí ẹkùn bí?"

"Èmi kọ́ ni mo bí i. Ọmọ mi ló bí i. Ẹ lọ bi í léèrè."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín, ọmọ náà ń ké "Yéè!" Bàbá ọmọ tí à ń wọ́ lẹ́sẹ̀ yìí ni oníjà àdúgbò wa, pàṣán kì í wọ́n nílé wọn, síbẹ̀ ọmọ náà kì í ta ẹnikẹ́ni lẹ́sẹ̀. Nílé tiwa, a kì í pariwo mọ́ra wa.

Nígbà tí a ń bọ̀ wálé, ìyá bàbá mi bi ẹ̀gbọ́n mi pé, "Kí ló ń ṣe ọ́ gan-an?"

"Ìyá àgbà, mi ò mọ̀. Bí wọ́n bá ti gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ wa, ó dà bíi pé wọ́n gba oúnjẹ lẹ́nu mi."

"Mo jẹ́ kí ebi pa ọ́ rí?"

"Rárá, mà."

Kò pẹ́ tí a tún yọ́ òrí mìíràn.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, èmi àti ọmọ mi gun ọ̀kadà lọ sí Ọbọ-Ayégúnlẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀, mo wọ́ ẹsẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ. Ọwọ́ mi mọ iṣẹ́ náà. Ohun tó ń fà á ni mi ò mọ̀. Ṣé ilé ni? Ṣé bí Ọlọ́run ṣe dá a ni? Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín tutù nílé tó sì ń gbóná lórí pápá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi ohun tí ẹ ṣe.