Ààlè tí Mo Fi Kọ́ Àwọn Ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì

Ọ̀sẹ̀ kẹta tí wọ́n gbé mi wá kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì ní Ìjẹ̀bú-Imuṣin ni mo kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta sójú pátákó: "drive away", "keep off", "ward off". Ohun tí a kò fẹ́ ni à ń fi gbogbo wọn lé sẹ́yìn. Àwọn ọmọ mọ bí wọ́n ṣe ń lé ewúrẹ́, wọ́n sì ti rí "keep off" lára ògiri. "Ward off" ló dà wọ́n láàmú.

Ṣọlá, tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, ló nawọ́. "Mà, ṣé bíi ààlè ara igi ọsàn Ìyá Àgbà?"

Ẹ̀yìn kíláàsì wa gan-an ni igi náà wà, Ìyá Àgbà tó ni ín sì ń gbé nínú ilé tó kángun sí ọgbà ilé ìwé. Ààlè ni àmì tí èèyàn máa ń so mọ́ nǹkan rẹ̀ kí olè má fọwọ́ kàn án. Tirẹ̀ jẹ́ àkísà pupa, ṣùkù àgbàdo àti ìkarahun ìgbín òfìfo. Akọrin ìjọ ni mí, irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kì í bà mí lẹ́rù. Fóònù wà lọ́wọ́ mi; ká ní mo ya fọ́tò rẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ ì bá tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n àṣejù, baba àṣetẹ́. Mo tú u, mo gbé e wọ kíláàsì, mo fi í kọ́ ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó. Kò sí ọmọ tó rẹ́rìn-ín.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo pe orúkọ Ṣọlá. Ó dìde, ó la ẹnu, ètè rẹ̀ ń mì, ohùn kò jáde. Mo ní kó yé ṣeré. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó kọ ọ́ sínú ìwé, ó sì tì í sí mi: "Mo jẹ ọsàn kan lánàá, mà. Mi ò rí ààlè níbẹ̀ mọ́."

Dókítà ní Ìjẹ̀bú-Òde wo ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, ó ní kò sí nǹkan kan. Lọ́jọ́ kẹta, ìyá rẹ̀ wá dúró lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì. Kò bá mi jà, ó kàn ń wò mí. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Mo mú ààlè náà, mo lọ kúnlẹ̀ níwájú Ìyá Àgbà.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ ọlọ́mọ ni. Èmi ni mo tú ààlè yín."

"Mo rí ẹ nígbà tí o ń tú u."

"Ẹ ò sì bá mi wí?"

"Tíṣà ni ẹ́. Mo rò pé o mọ ohun tí ò ń ṣe." Ó gba ìkarahun náà, ó wo inú rẹ̀ pẹ́. "O rò pé ọsàn ni mo fi èyí ṣọ́? Ọ̀rọ̀ tí mo sọ sídìí igi ló ń ṣọ́ ọsàn. Àwọn ọmọ ni mo so èyí fún, kí wọ́n lè rí i, kí wọ́n má bàa sún mọ́ ọn."

Ó ní ọwọ́ tó tú u ni kó so ó padà. Ọ̀sán gangan ni mo so ó, lójú gbogbo ọmọ. Atẹ́gùn kò fẹ́ rárá, síbẹ̀ ìkarahun náà ń yí lórí okùn rẹ̀. Mo gbọ́ ohùn kan tó há lẹ́yìn mi.

"Mà, ẹ fà á le dáadáa."

Ṣọlá ni. Mo fà á le, mo sì sunkún níbẹ̀.

Lọ́jọ́ tí mo fẹ̀yìn tì, mo mú tíṣà tó gba kíláàsì mi lọ sídìí igi ọsàn náà. Mo ní, "Ohunkóhun tó o bá rí tí wọ́n so kọ́ níbí, kọ́kọ́ béèrè ẹni tí wọ́n so ó fún." Ó rẹ́rìn-ín. Mi ò bá a rẹ́rìn-ín.