Wolé-Wolé Tí Kì Í Ṣe Àmín

Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ní Adó-Èkìtì pé bàbá Akínbọ́lá fi ẹsẹ̀ rìn dé Ìjàn nítorí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ọdún 1977 ni. Ọkọ̀ bọ́lẹ̀kájà ti kún, ó ku kó gbéra, ni Wòlíì Adéyẹyè bá dìde láàárín èrò láti gbàdúrà ìrìnàjò. Ó gbà á títí òógùn fi bò ó. Gbogbo èrò ké "Àmín!", àfi bàbá kan tó jókòó lẹ́yìn dírẹ́bà, tó ń na ọrùn wo táyà.

Dírẹ́bà yíjú padà. "Bàbá, ẹ ò ṣe àmín."

"Mo gbọ́ àdúrà náà," ni Akínbọ́lá wí. "Ìwọ ńkọ́, o ti yẹ bíréèkì rẹ wò?"

"Ẹ ò ní í kó bá wa lónìí! Ẹ ṣe àmín, tàbí kí ẹ sọ̀kalẹ̀."

Ó sọ̀kalẹ̀. Ọkọ̀ náà kò yà bàrá, táyà kankan kò bẹ́. Wẹ́rẹ́ báyìí ló gúnlẹ̀. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, àwọn èrò ti tò sí etí ọ̀nà ní Ìjàn, wọ́n ń dúró de bàbá kí wọ́n lè fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó yọ lọ́ọ̀ọ́kán, eruku ti bò ó dé ìpéǹpéjú.

"Bàbá, ẹ rí i bí àmín ṣe gbé wa dé?"

"Mo rí i. Ẹ̀yin fi àmín dé, èmi fi bàtà dé. Ìjàn kan náà ni."

Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni bàbá kú. Ayọ̀kúnlé, ọmọ àbúrò rẹ̀, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé gíga ní lítíréṣọ̀, wá síbi ìsìnkú náà pẹ̀lú ìbínú. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Wòlíì Adéyẹyè ti ń sọ ọ́ kiri ìgboro pé agbawèrèmẹ́sìn ni olóògbé. Ó ní ẹni tó gba wèrè mọ́ àìlẹ́sìn kò sàn ju ẹni tó gba wèrè mọ́ ẹ̀sìn lọ.

Ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kí Ayọ̀kúnlé jẹun. Ta ló dá ọkọ̀ dúró ní ọjọ́ Ìjàn? Ta ló ní kí àgbàlagbà sọ̀kalẹ̀ sínú oòrùn? Bàbá kò ní kí ẹnikẹ́ni má gbàdúrà. Ẹnu ara rẹ̀ nìkan ló pa mọ́, àwọn tó fẹ́ fi tipátipá là á sì ni wọ́n wá ń pè é ní wèrè!

Wolé-wolé ni bàbá í ṣe kó tó fẹ̀yìntì. Ọgbọ̀n ọdún ló fi yọjú sínú ìkòkò omi àwọn ará Adó. "N ò tíì bá áńgẹ́lì kankan pàdé níbẹ̀," ni ó máa ń wí. "Tanwíjí nìkan ni."

Lọ́jọ́ kan, ó bá tanwíjí nínú ìkòkò omi àdúrà ìjọ wòlíì. Wòlíì na ọwọ́ méjèèjì, ó dí ẹnu ọ̀nà. "Bàbá, ẹ má fọwọ́ kàn án! Omi ìyè ni!"

"Òótọ́ ni, Wòlíì. Ẹ wò ó bó ṣe ń lúwẹ̀ẹ́."

Ó lè kọ ìwé ẹjọ́ fún wọn. Kò kọ ọ́. Ní ọjọ́ kejì ó ra ọmọrí, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dé ìkòkò náà. Ó ní, "Ọlọ́run yín, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n. Tanwíjí lèmi mọ̀." Wòlíì ì bá dárí èébú jì í, ọmọrí yẹn ni kò lè dárí rẹ̀ jì.

Inú ìjọ yẹn gan-an ni Mosúnmọ́lá, ìyàwó bàbá, ti ń sìn. Ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta, bàbá a dá iná sí áyọ́ọ̀nù eléèédú, a sì lọ sùtánà funfun ìyàwó rẹ̀. Sítáàṣì rẹ̀ le débi pé bí ìyá bá bọ́ aṣọ náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá dúró.

Nígbà tí Ayọ̀kúnlé ti yunifásítì dé, tí ìwé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gùn ún, ó fi í rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ẹ̀yin tí ẹ ò gba Ọlọ́run gbọ́ lẹ wá ń lọ aṣọ fún un?"

Bàbá gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀. "Ṣé Ọlọ́run ló fẹ́ wọ̀ ọ́ ni? Aya mi ni. Kúnlé, lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyá rẹ tó ni aṣọ."

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí Ayọ̀kúnlé kì í fẹ́ rántí. Ní ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún ìyá, ó di ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú. "Olówó orí mi, ẹ bá mi ṣe àmín kan péré, kí ọkàn mi lè balẹ̀."

"Mo gbọ́, Mosúnmọ́lá," ni ó wí. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi jókòó ti ibùsùn rẹ̀, kò sùn, kò jẹun, kò sì ṣe àmín. Bí wòlíì bá fi èyí bi Ayọ̀kúnlé, kò ní èsì. Ìyẹn gan-an tún dá kún ìbínú rẹ̀.

Ní ọjọ́ ìsìnkú, ìyá ti bẹ Ayọ̀kúnlé pé kó má sọ̀rọ̀ níbi òkú, ó sì ti ṣèlérí. Wòlíì dúró lẹ́nu sàréè, ó gbé ohùn sókè. "Agbawèrèmẹ́sìn ni! Àgídí ni ẹ̀sìn rẹ̀! Ọlọ́run kò ní í jẹ́ kí a rí irú rẹ̀ mọ́ ní ìlú yìí!"

Ó na ọwọ́ méjèèjì, ó ń dúró de àmín. Ayọ̀kúnlé di eyín mọ́ ahọ́n títí ó fi tọ́ ẹ̀jẹ̀ wò.

"Mo gbọ́," ni ẹnìkan wí.

Ìyá ni. Wòlíì rò pé kò gbọ́ dáadáa. "Ìyá, mo ní Ọlọ́run kò ní í jẹ́ kí a rí irú rẹ̀ mọ́."

"Mo ní mo gbọ́, Wòlíì." Ó na apá sùtánà rẹ̀ síwájú. "Ẹni tó lọ aṣọ yìí lẹ ń sọ. N ò ní àmín fún àdúrà yẹn."

Dírẹ́bà ọjọ́ Ìjàn wà lẹ́yìn níbẹ̀. Òun ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. "Àwa náà gbọ́ o!" ni ó ké, ẹ̀rín sì gba gbogbo àgbàlá.

Nígbà tí ọjọ́ Àbámẹ́ta pé, Ayọ̀kúnlé lọ dá iná sí áyọ́ọ̀nù náà. Ó gbàgbé sítáàṣì, ó sì jó etí aṣọ ní ojú kan.

Ìyá wò ó. "Ọlọ́run á kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń lọ aṣọ."

"Mo gbọ́, mà."

Ìyá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó fa sùtánà náà, ó fi nu ojú. Kò le bíi ti bàbá. Ó rọ̀ tó láti nu omijé.