Ààtàn Ìyá Àgbà àti Ẹrù Mi Lórí Àjà

Nígbà tí mo ṣì kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ebè iṣu fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó mi, bàbá mi tú ebè kan lẹ́yìnkùlé wa ní Ọ̀kà lákòókò ìkórè. Iṣu tó wà nídìí rẹ̀ kò ju àtàǹpàkò lọ. Ó wo ilẹ̀, ó wò mí.

Ó ní, “Ilẹ̀ yìí ti ṣá. Bó bá tún rí báyìí lọ́dún tó ń bọ̀, ọmọ yìí á lọ máa gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní Ìkàrẹ́.”

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó kọ́kọ́ lọ síbẹ̀ kò padà wá bá wa gbé mọ́. Ìyá mi di aṣọ mi sínú àpò, ó gbé e sórí àjà. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, àràárọ̀ ni mò ń wo àpò yẹn.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ gbin iṣu mìíràn, ìyá bàbá mi ní kí wọ́n kó ààtàn sínú ebè. Ìkánjú mú bàbá mi. Ìgbẹ́ ewúrẹ́ àti èèpo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dà nù ló kó mọ́ èèbù. Kò pẹ́ tí èèbù bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà. Ọkùnrin kan nínú agbo ilé wa ń rẹ́rìn-ín.

“Ìyá, ṣé ewúrẹ́ ni iṣu ni, tí ẹ fi ń fún un ní èèpo?”

“Òórùn ààtàn ni ìwọ ń gbọ́, ọkọ mi. Òórùn iyán lèmi ń gbọ́.”

Ó wá kọjú sí bàbá mi. “Ta ló ní kí o kó ti òkè? Ti ìsàlẹ̀ ni mo wí!”

Ó gbẹ́ ààtàn náà dé ìsàlẹ̀, níbi tó ti dúdú tó sì rọ̀. Ó ti ọwọ́ mi bọ̀ ọ́.

“Ṣé ó ń jó ọ?”

“Rárá, ìyá. Ó tutù.”

“Ó ti di ilẹ̀ nìyẹn. Èyí tó bá ṣì gbóná, ńṣe ló máa se iṣu.”

Wọ́n kó èyí tó gbóná kúrò, wọ́n fi dúdú yẹn rọ́pò rẹ̀, wọ́n sì gbin ìwọ̀nba èèbù tó kù. Ewé yọ, ó gun igi. Síbẹ̀ ọkàn mi kò balẹ̀, torí ewé kì í ṣe iṣu, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ tú ebè wò kí ọdún iṣu tó dé. Mo kàn ń yí ebè po, mò ń wá ibi tó ti sán, torí iṣu ńlá ní í la ebè.

Lọ́jọ́ ìkórè, bàbá mi fa iṣu kan yọ tó tóbi ju itan mi lọ. Ó gbé e sílẹ̀ jẹ́jẹ́.

Ó sọ fún ìyá mi pé, “Lọ tú ẹrù ọmọ yìí.”

Lóde òní, ajílẹ̀ inú àpò ni wọ́n ń rà, ààtàn sì di ohun tí wọ́n ń dáná sun. N kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ilé tí mò ń gbé kò tilẹ̀ ní àjà mọ́. Ṣùgbọ́n bí èéfín ààtàn bá ti kàn mí nímú, ojú mi á ṣì lọ sókè.